Agọ̀ Tuntun Ń Fẹ́ Atọ́kùn

Àwọn baba wa ló ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Èmi tí a bí sí Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, tí mo ti ń sáré tẹ̀lé ìró ṣaworo ẹsẹ̀ àwọn eléré náà láti ìgbà tí n kò ì tí ì lè ka ọjọ́ orí ara mi, dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí ohun mìíràn lábẹ́ ọ̀run tí ọmọ ènìyàn lè gbé wọ̀ tí yóò yí i padà ju igi fífín àti ọ̀já aṣọ yẹn lọ. Mo rí géńdé ọkùnrin, àgbẹ̀ paraku tí mo mọ oko rẹ̀ tí mo sì mọ iye ọmọ rẹ̀, tó wọ inú agọ̀ tó sì jáde bí abiyamọ, tó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó pọnmọ sẹ́yìn, tí ìlù ń bá a sọ̀rọ̀, tí òun náà ń fi ẹsẹ̀ dáhùn, tí gbogbo ọjà sì ń hó gèè. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó wà nínú agọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti fi kíkọ́ ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jẹun, ní Pobè àti ní Sakété, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pè mí sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wò mí." Mo wò ó níbi tó jókòó sí. Ó mi orí, ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí ère kékeré kan tó wọ aṣọ pupa dúró sí lórí òkè, ó ní, "Èmi nìyẹn, ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé agọ̀ tuntun ti wọ ìlú, àti pé bí àgbà bá fojú fò ó bí eré ọmọdé, ọmọdé yóò gbé e wọ̀, yóò sì bá a lọ síbi tí ojú àgbà kò tó.

Ohun tí mò ń wí ni ayé inú ẹ̀rọ: ilẹ̀, omi, ilé àti ọjà tí a fi ìṣirò kọ̀ǹpútà dá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ibi tó jìnnà síra ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù sì ní ère kan tó dúró fún un níbẹ̀, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ́lé, tó ń ṣòwò. Kì í ṣe fíìmù, nítorí ẹni tó ń wo fíìmù kò lè gbé àga kan kúrò ní ààyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ kì í ṣe eré ìdíje, nítorí òmíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í borí níbẹ̀, tí a kì í sì í borí ẹnikẹ́ni. Bí o bá pa ẹ̀rọ rẹ lálẹ́, ayé náà kò parẹ́. Ilé tí o kọ́ ṣì wà níbẹ̀, aládùúgbò rẹ sì lè ti gbin igi sí ẹnu ọ̀nà rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Linden Lab tí Philip Rosedale dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣí Second Life, èyí tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí orílẹ̀-èdè Sweden fi ṣí ilé aṣojú kan sínú rẹ̀ ní ọdún 2007. Minecraft tẹ̀lé e, tí àwọn ọmọdé káàkiri ayé mọ̀ ju orúkọ olórí ìlú wọn lọ. Nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Facebook pàápàá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Meta, bí ẹni tó pa orúkọ ìdílé rẹ̀ tì nítorí oko tí kò ì tí ì ṣán.

Àwa tí iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí à ń fi mẹ́gà wọn íntánẹ́ẹ̀tì bí ìyá ọlọ́jà ti ń fi kóńgò wọn gàrí, lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá, nítorí a kò lówó awò ńlá tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń dè mọ́jú kí wọ́n tó wọ irú ayé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Perttu Ahola, bẹ̀rẹ̀ ayé oníbúlọ́ọ̀kù kan ní ọdún 2010 tó pè ní Minetest, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Luanti ní ọdún 2024. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà aláìlágbára lè gbé e, kò sì di dandan kí ó rí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó mẹ́jọ ni a ní ní yàrá ẹ̀kọ́ wa nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo fi ọ̀kan ṣe ìyá, mo fi wáyà so méje tó kù mọ́ ọn, ayé kan sì là láàárín wa láìra mẹ́gà kan ṣoṣo. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ilẹ̀, òkúta, omi àti igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó ń kọ́lé níbẹ̀ ń ṣe ìṣirò láìmọ̀ pé òun ń ṣe é.

Pobè tí mò ń wí yìí, ìlú ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ, igi tí kò ní ohun tí à ń sọnù: imọ̀ rẹ̀ bo ahéré, ọwọ̀ rẹ̀ gbá àgbàlá, epo rẹ̀ se ọbẹ̀, àdín rẹ̀ pa ara ọmọ tuntun, ẹmu rẹ̀ sì wà níwájú àgbà níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà. Ní ọdún 1922, nígbà ìjọba Faransé, ni a dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì wà títí di òní, níbi tí a ti ń da irú ọ̀pẹ tí èkùrọ́ rẹ̀ ní èèpo tó nípọn pọ̀ mọ́ irú èyí tí kò ní èèpo rárá, kí ọmọ tí wọ́n bá bí lè ní èèpo tín-ín-rín àti ẹran púpọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí àwọn ọmọ gbin hẹ́kítà ọ̀pẹ kan sínú ayé wa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ: ní onígun mẹ́ta ọgbọọgba, mítà 9 láàárín ọ̀pẹ kan àti èkejì níhà gbogbo, kí ó lè jẹ́ ọ̀pẹ 143 lórí hẹ́kítà kan.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ gbórí sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀pẹ mẹ́rin sọnù." Mo lọ wò ó. Ó ti ka búlọ́ọ̀kù 9 láàárín ọ̀pẹ àti ọ̀pẹ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín ìlà kan àti ìkejì, níbi tí ìṣirò ti ní kí ó jẹ́ mítà 7 àti sẹ̀ǹtímítà 79, búlọ́ọ̀kù kò ṣe é gé, ó sì di dandan kí ó mú 8. Ó sọ 9 di ìlọ́po 8, ó jẹ́ 72. Ó fi 72 pín mítà onígun mẹ́rin 10,000 tó wà nínú hẹ́kítà, ó rí 139. Ìlà kejì pàápàá, tó yẹ kí ó yẹ̀ ní mítà mẹ́rin àbọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kò rí àbọ̀ tí yóò yẹ̀ sí. Mo ní kí ó má ṣe tún un ṣe. Mo ní kí ó lọ bi bàbá àgbà rẹ̀ léèrè bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ọjọ́ Sátidé a lọ sí oko bàbá náà lójú ọ̀nà Adja-Ouèrè. Bàbá kò jókòó ní kíláàsì rí. Ó wọ inú ahéré, ó mú okùn kan jáde, okùn róbótó tí a so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, tí kókó mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ó di kókó kan mú, ó fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìkejì, ó fún mi ní ìkẹta, ó ní, "Ẹ fà á kó le." A fà á. Ibi tí mo dúró sí ni ó ní kí a gún igi mọ́lẹ̀. A ṣí síwájú, a tún fà á. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ogójì igi ti dúró ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, àbọ̀ mítà tí ẹ̀rọ kò lè gé kò sì sọnù níbì kankan. Bàbá nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Ẹnì kan kì í dá fa okùn yìí o, ìyá mi."

Mo ti ronú lé ọjọ́ náà lórí nígbà púpọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé gbogbo àǹfààní àti gbogbo àbùkù ayé inú ẹ̀rọ pàdé nínú ọ̀pẹ mẹ́rin yẹn. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rọ, ọmọ náà kì bá tí bi bàbá àgbà rẹ̀ léèrè bí a ti ń gbin ọ̀pẹ láéláé, nítorí ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ kì í yà á lẹ́nu. Ẹ̀rọ ló sọ oko di àjèjì sí i kí ó tó lè rí i. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ti oko, ì bá gbà títí ayé pé kò sí ohun tó ń jẹ́ àbọ̀ búlọ́ọ̀kù, ì bá sì gbin oko rẹ̀ pẹ̀lú àdánù láìmọ̀.

Àǹfààní kejì kan àwa ju bó ti kan ẹlòmíràn lọ, nítorí àwa ni a pín lójú ààlà. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ìlà kan tó gba àárín àgbàlá wa kọjá, tí ẹ̀gbọ́n fi di ará Dahomey, tí àbúrò di ará Nàìjíríà, tí ọ̀kan ń ka ìwé Faransé, tí èkejì ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì, tí oríkì wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà orí ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí àrùn kòrónà bá a níbẹ̀, tí ẹnubodè kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn ọmọ tó ní ìbátan ní Ọ̀jà-Ọdán àti Ìlaró bẹ̀ mí pé kí n ṣí ayé wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn yẹn lè bá wọn wọ̀ ọ́ láti orí fóònù. Wọ́n jọ kọ́ agbo ilé ìyá àgbà wọn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n jà lórí ibi tí àmù wà: ti Pobè ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni, ti Ìlaró tó ti wá ṣọdún rí ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n pe ìyá àgbà sórí fóònù. Ó ní, "Abẹ́ ìbẹ́pẹ ni mo gbé e sí, kómi ó lè tutù. Ẹ̀yin ò rántí ìbẹ́pẹ mi ni?" Wọ́n gbin ìbẹ́pẹ kí wọ́n tó gbé àmù síbẹ̀. Ẹnubodè wà ní títì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì mu omi nínú àmù kan.

Ní ibòmíràn, iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní Kibera, ní ìlú Nairobi, àjọ UN-Habitat fi Minecraft jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn tò bí pápá ìṣeré wọn yóò ti rí kí a tó kan ilẹ̀. Ní Yaba, ní Èkó, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní ọdún 2016, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ bí a ti ń dá irú ayé bẹ́ẹ̀ dípò kí wọ́n máa ra ti ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ìtàn tó wọ̀ mí lára jù ni ti Mats Steen, ọmọ ilẹ̀ Norway, tí àrùn iṣan gba ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2014, ní ẹni ọdún 25. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ pé ọmọ àwọn lọ láìní ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ìlú òkèèrè, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ibelin, akọni ẹlẹ́sẹ̀ líle nínú ayé World of Warcraft, tó ti gba ẹni kan nímọ̀ràn, tó ti tu ẹlòmíràn nínú. Àwọn kan nínú wọn wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Bí egúngún ẹni bá jó're, orí a máa yá ni; ti Steen jó're, nítorí agọ̀ tó wọ̀ kò fi ẹni tó jẹ́ pamọ́, ó fi hàn ni, àwọn tó yí i ká sì jẹ́ agbo tí ẹsẹ̀ wọn lè rìn dé etí sàréè.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yìn ín yìí, ọ̀rọ̀ wà lọ́fun mi tí n kò gbọdọ̀ gbé mì. Èkíní ni ti ilẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, pèrègún ni a fi ń pa ààlà oko. Bí onílẹ̀ kú, bí ilé rẹ̀ wó, pèrègún kò ní kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò bá a níbẹ̀. Ilẹ̀ inú ẹ̀rọ kò ní pèrègún. Nínú Second Life, àwọn ènìyàn dá báńkì sílẹ̀ tó ń ṣèlérí èlé gọbọi. Ọ̀kan nínú wọn, Ginko Financial, ṣubú ní ọdún 2007, owó gidi tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ síbẹ̀ bá a lọ, oṣù kìíní ọdún 2008 ni Linden Lab tó fòfin de irú báńkì bẹ́ẹ̀. Google ṣí ayé tirẹ̀, Lively, ní oṣù keje ọdún 2008, kí ọdún náà tó yí po ó ti tì í pa. Microsoft ti AltspaceVR, ayé tirẹ̀, pa ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé tí a kọ́ síbẹ̀ kò sì ṣe é wọ̀ mọ́. Ní ọdún 2022, MTN tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo nọ́ńbà rẹ̀ ra ègé ilẹ̀ 144 ní Ubuntuland, ayé inú ẹ̀rọ kan tí àwọn ará South Africa dá. Ní ọdún kan náà, ẹ̀ka Meta tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pàdánù ju bílíọ̀nù 13 dọ́là lọ. Bí erin bá ń rì sí ẹrẹ̀, kí ewúrẹ́ ṣọ́ra. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Sakété wá bá mi nígbà náà, ó ní òun fẹ́ ta ègé ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀, kí òun lè fi ra ilẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Mo bá a lọ sídìí pèrègún bàbá rẹ̀, mo ní kí ó fà á tu. Ó fà á títí, kò tu. Mo ní, "Ta ni yóò bá ọ gbin irú èyí sí ọ̀hún?" Kò dáhùn, ṣùgbọ́n kò ta ilẹ̀ náà.

Èkejì ni ti agọ̀ fúnra rẹ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó wọ agọ̀ lè kọrin bú olè, ó lè bú onígbèsè, ó lè bú ìjòyè pàápàá. Àṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà jókòó tì í, àwọn ìyá wa tí a ń tìtorí wọn ṣeré ń gbọ́ ọ, onílù lè dá ìlù dúró, ilẹ̀ yóò mọ́, a ó sọ agọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ ojúlé rẹ̀. Nínú ayé inú ẹ̀rọ, àṣẹ agọ̀ wà níbẹ̀, agbo kò sí níbẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún lè gbé agọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá wọ̀. Ọmọbìnrin kan ní Sakété pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti Cotonou. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn aṣọ fún ère ọmọ náà, ó dé orí fọ́tò, ó sì parí sí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ MoMo, owó orí fóònù, ti ìyá rẹ̀. Gáímaàn ni, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń pe àwọn ẹni ibi wọ̀nyí. Orílẹ̀-èdè Benin ti ní ìwé òfin lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2018, ó sì ní ìjìyà fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí omi bá ti dànù tán. Ohun tó gba ọmọ náà là ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í, ó sì bi í léèrè pé, "Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀kẹta ni ti àkókò. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìgbà tirẹ̀ nínú ọdún, ó ní ìgbà tí onílù ń gbé ìlù rẹ̀ relé. Bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú láyé inú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó ń ru ìlù relé níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń sùn lórí tábìlì mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí ère rẹ̀ ní ààfin, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tí ì jẹun.

Nítorí náà ni n kò ṣe bá àwọn tó ní kí a fi iná sun agọ̀ náà kẹ́gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá àwọn tó ní kí a jẹ́ kí ọmọ máa gbé e lọ síbi tó wù ú. Nínú yàrá wa, òfin mẹ́ta péré ni mo fi lélẹ̀. A kì í sọ ohun tí a kò lè kà sókè níwájú ìyá ẹni; a kì í wọ ayé tí àgbà kan nílé kò mọ orúkọ rẹ̀; ohun tí a bá sì kọ́ nínú ẹ̀rọ, ọmọ gbọ́dọ̀ wá a lọ sí ìta, lọ́wọ́ àgbẹ̀, lọ́wọ́ mọlémọlé, lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ó tó ní òun mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí a máa sọ fún mi pé àwọn kò mọ kọ̀ǹpútà. Mo ń dá wọn lóhùn pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ kò nílò kí ẹ mọ bí a ti ń jó o, ẹ kàn jókòó ti agbo, kí ẹ sì mọ ẹni tó wà nínú agọ̀.

Egúngún kì í dá jáde ní ilẹ̀ wa. Atọ́kùn a máa lọ níwájú rẹ̀, ẹni tó mọ ojú ọ̀nà, tó ń kìlọ̀ fún un níbi tí kòtò wà, tó sì ń mú un padà sílé. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbẹ̀ yẹn ti na okùn sí mi lọ́wọ́, n kì í gbọ́ orúkọ náà mọ́ kí n má gbọ́ okùn tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pẹ tí a gbìn sójú àwọn igi ọjọ́ náà ti ga ju ọmọbìnrin náà lọ báyìí. Ó ṣì ń wọ ayé inú ẹ̀rọ; ó ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ bí a ti ń gbin hẹ́kítà kan. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀pẹ mẹ́rin ti ń sọnù, kì í sọ ìdáhùn fún wọn. Ó ń dìde, ó ń lọ mú okùn, ó sì ń wá ẹni méjì tí yóò bá a fà á.